Ọkọ̀ Onígbòkun Tí Ó Bí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Kò sí odò ní Zanguéra. Ọ̀nà Kpalimé ni odò tiwa: òun ni ó ń gbé èrò àti ẹrù lọ sí àárín Lomé ní òwúrọ̀, òun náà ni ó ń dá wọn padà ní àṣálẹ́, pẹ̀lú ariwo zémidjan àti eruku. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun níláti la ìlú já, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí àdúgbò wa ni kì í sì í rí i àfi ní ọjọ́ ọdún. Síbẹ̀, ní gbogbo àsìkò òjò tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó gba ẹnu wa kan ní ìpàdé ìkàwé ẹgbẹ́ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí a ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní èdè Faransé, kí a sì jọ jíròrò rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí àwọn ìyá àti bàbá tí kò jókòó pẹ́ ní ilé ìwé lè bá wa dá sí i. A mú *Pietr-le-Letton* ti Georges Simenon. Ibi tí a ti kọ ìwé náà ni ó kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀, kí a tilẹ̀ tó débi ẹni tí ó pa ẹni.

Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni Simenon. Ìlú Liège ni a bí i sí ní ọdún 1903. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn, tí ó ń gba àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ kọjá láti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mọ́jú. Ní ọdún 1922 ó kó lọ sí Paris, ó sì ń kọ ìtàn kéékèèké àti ìwé olówó pọ́ọ́kú lábẹ́ oríṣìíríṣìí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹni ń din àkàrà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìwé kan tí ó lè nawọ́ sí pé èmi gan-an ni mo kọ èyí.

Ní ọdún 1928 ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ó ń jẹ́ Ginette. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Tigy, ọmọbìnrin tí ń se oúnjẹ fún wọn tí wọ́n ń pè ní Boule, àti ajá ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olaf, ni wọ́n jọ gba orí odò àti àwọn ipa omi tí a fọwọ́ gbẹ́ káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ náà kò gbà wọ́n tán. Wọ́n ń pàgọ́ sí etí omi. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ní kí a kan ọkọ̀ mìíràn fún òun ní Fécamp, ìlú àwọn apẹja ní etíkun àríwá ilẹ̀ Faransé. Ostrogoth ni ó sọ ọ́. Ọkọ̀ onígbòkun ni, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 10. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fojú inú wò ó: mítà mẹ́wàá kò ju yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ nínú ilé tí a ń yá gbé lọ́dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ènìyàn mẹ́ta àti ajá ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ti ń dún láti òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ọkọ̀ yìí ni ó gbé wọn la Bẹ́ljíọ̀mù àti Hólándì kọjá, títí wọ́n fi dé Delfzijl, èbúté kékeré kan létí ẹnu odò Ems, tí ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ ń wo ilẹ̀ Jámánì ní òdìkejì omi. Gẹ́gẹ́ bí Simenon fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ inú Ostrogoth, wọ́n sì gbé e fún àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n dí ojú pákó rẹ̀. Òòlù ń dún lára ọkọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni ó lè kọ̀wé nínú ìlù tí ẹlòmíràn ń lù? Ó rìn káàkiri èbúté, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan tí a ti pa tì, tí omi ti dé ìdajì inú rẹ̀. Ó wá àpótí pákó: ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ka ọ̀kan, ó jókòó lé èkejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé òmíràn kí bàtà rẹ̀ má baà rin. Níbẹ̀, ó ní, ni ọkùnrin gìdìgbà kan ti yọ sí òun lọ́kàn, pẹ̀lú kòkò tábà lẹ́nu, fìlà lórí, àti aṣọ òtútù tí ó wúwo. Ọkùnrin náà ni Maigret, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó kọ ìwé márùnlélàádọ́rin lé lórí kí ó tó gbé kálàmù sílẹ̀. Ní ọdún 1966 àwọn ará Delfzijl gbé ère Maigret kalẹ̀ sí ìlú wọn, Simenon fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. A rò pé kò wọ́pọ̀ kí ìlú kan kọ́ ère fún ẹni tí a kò bí rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ ìwé àti déètì wò fínnífínní sọ pé ìròyìn yẹn kò jọra pẹ̀lú ohun tí ó wà nílẹ̀: ó jọ pé Morsang, létí odò Seine, ni a ti kọ *Pietr-le-Letton* ní ọdún 1930, nígbà tí Ostrogoth dúró síbẹ̀, àti pé ohun tí ó kọ ní Delfzijl jẹ́ ìwé mìíràn, lára àwọn tí kò fi orúkọ rẹ̀ sí, níbi tí orúkọ Maigret ti kọ́kọ́ yọjú fẹ́rẹ́. Ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Lomé sọ pé bí ọkùnrin kan bá sọ ibi tí a ti bí ọmọ rẹ̀, ta ni àlejò tí yóò jiyàn? Ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì dáhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, afurasí kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá náà pẹ̀lú. Lójú tiwa, ọmọbìnrin náà ni ó jàre. Bí ó ti wù kí ó rí, yálà Delfzijl ni tàbí Morsang, nínú ọkọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ìwé ìròyìn kan gbé ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 1930, ilé ìwé Fayard sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1931.

Kí a má ṣe fi bò: *Pietr-le-Letton* kì í ṣe èyí tí ó dára jù. Ìtàn náà kún fún eré sísá, àwọn ìpàdé kan nínú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ jù. Èyí tí ó mú wa lọ́kàn ni *Le Charretier de la « Providence »*, tí ó jáde ní ọdún 1931 kan náà, nítorí nínú rẹ̀ ni ènìyàn ti rí ohun tí ìgbé-ayé orí omi kọ́ òǹkọ̀wé yìí. Ní Dizy, létí ipa omi tí ó bá odò Marne rìn, a rí òkú obìnrin kan nínú ilé ẹṣin. Ọkọ̀ méjì ni ó wà nítòsí: ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ ìgbádùn olówó kan, èkejì jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹṣin ń fi okùn fà láti etí omi. A kò ní sọ ẹni tí ó pa á, kí àwọn tí kò tíì kà á má baà gégùn-ún fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí bí Maigret ṣe ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà kì í yára. Ní ibi tí omi ìsàlẹ̀ àti omi òkè kò bá dọ́gba, ilẹ̀kùn ńlá méjì wà níbẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní *écluse*. Ọkọ̀ yóò wọ àárín méjèèjì, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì dúró kí omi gbé e sókè tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ń dúró níbẹ̀, olówó àti akúṣẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn, ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn sì mọ ẹni tí ó kọjá, ìgbà tí ó kọjá, àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Kẹ̀kẹ́ ni Maigret gùn, ó ń bá etí omi lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ń ka wákàtí.

Akọ̀wé tí ó bá jókòó sínú ilé lè kọ èyí, ṣùgbọ́n kò ní mọ òórùn ẹṣin tí ó tutù, tàbí bí okùn ọkọ̀ ṣe ń dún ní òru. Simenon wá sí ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ọdún 1932, ó sì kọ *Le Coup de lune*, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Libreville, tí ó sì tú àṣírí ìwà àwọn amúnisìn ibẹ̀. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ìpàdé mìíràn.

Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ mú ìtàn àdììtú jáde láti inú ìgbòkun. Ní ọdún 1897, Erskine Childers, akọ̀wé kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú London, gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí ń jẹ́ Vixen lọ sí àárín àwọn erékùṣù Frisia, ní etíkun Jámánì tí kò jìnnà sí Delfzijl yẹn. Láti ara ìrìn àjò náà ni ó ti kọ *The Riddle of the Sands*, tí ó jáde ní ọdún 1903. Ọ̀rẹ́ méjì wà nínú ọkọ̀ onígbòkun kan. Wọ́n fura pé nǹkan kan ń lọ lẹ́yìn iyanrìn tí omi ń bò tí ó sì ń ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan mọ ọkọ̀, èkejì kò mọ̀ ọ́n rárá. Kí ni ó wá ń ṣe níbẹ̀? Ó gbọ́ èdè Jámánì. Ohun tí ó wọ̀ wá lára nínú ìwé yẹn ni pé etí ẹni tí ó gbédè wúlò bí ojú ẹni tí ó mọ omi. Childers alára kò rí ìgbẹ̀yìn tí ó rọrùn: ó fi ọkọ̀ onígbòkun mìíràn kó ìbọn wọ Áyálándì ní ọdún 1914, ìjọba tuntun ilẹ̀ náà sì yìnbọn pa á ní ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé wọn.

Àwa Yorùbá ní ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa, ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Togo mọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe mọ Maigret. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ *Àjà Ló Lẹrù* ní ọdún 1969 àti *Àgbàlagbà Akàn* ní ọdún 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni ó ń dojú kọ àwọn ọlọ́ṣà nínú wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kọ́lá Akínlàdé kọ *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* àti *Owó Ẹ̀jẹ̀*, níbi tí Akin Olúṣínà ti ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ ní sùúrù. Ìwé ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Mọ́tò ni ọkọ̀ wọn, títì ni odò wọn. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ó yà wá lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé èdè omi ni gbogbo wa ń sọ láìfura. Ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ ọkọ̀, kí a tó ní ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú. Bàálù ń gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ àjẹ̀. A ń gbàdúrà kí aboyún gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Olórí ìjọba ni a ń pè ní atukọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí. Àwọn Ìlàjẹ ń gbé lórí omi títí di òní, àwọn ará Ganvié sì kọ́ ilé wọn sórí igi nínú adágún Nokoué, ní Benin níhìn-ín, tí ọmọ ọdún méje ń fi ọkọ̀ lọ ra ata.

Nígbà tí a dé ibi yìí ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, oníṣòwò aṣọ, sọ ọ̀rọ̀ tí ó yí ìpàdé náà padà. Ó ní kò pọn dandan kí a wá ọkọ̀ kiri. Ó ní inú ọkọ̀ ni a wà. Ẹ wo ilé tí a ń yá gbé: yàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ yí àgbàlá kan ká, ẹ̀rọ omi kan, balùwẹ̀ kan, ẹnu ọ̀nà kan. Ẹni tí ó bá wọlé ní agogo méjì òru, gbogbo ilé ni ó gbọ́. Ẹni tí kò dáná, a mọ̀. Ẹni tí ó dáná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a tún mọ̀ jù. Ewé wa jọ wà lórí okùn kan náà, ṣùgbọ́n èdè wa kò dọ́gba: Mina ní ẹnu ọ̀nà, Kabiyè ní yàrá kejì, Yorùbá ní ẹ̀yìn, Faransé nígbà tí onílé bá fi ìwé ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ìtàn nìyẹn: owó àjọ gbogbo ilé dàwátì ní òru ọjọ́ tí a fẹ́ kó o.

Ìyá náà kò tíì parí. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun ní ọ́fíìsì kan ní ìgboro, ẹrù aṣọ rẹ̀ kan ni ó sọnù. Yorùbá ni ó fi ṣàlàyé, nítorí Faransé rẹ̀ kò tó kó ìbínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ni ó ń túmọ̀ fún akọ̀wé. Ó ní: "Ọkọ̀ mi ni ó kó ẹrù náà, n kò rí i mọ́." Ọkọ̀ tí ó háyà ni ó ń wí. Nínú ìwé tí a kọ, *mon mari* ni a kọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí ó lọ parí rẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún ìwé náà kọ, awakọ̀ sì ti rékọjá ibodè. Bí ó ti ń sọ ọ́, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ọkọ àti ọkọ̀. Òun ni ó di ìdí ìtàn wa. Nínú orí kìíní, ìyá àgbà kan tí kì í sùn dáadáa sọ fún ọlọ́pàá pé òun rí ọkọ̀ obìnrin yàrá kẹta tí ó jáde ní ìdájí. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ obìnrin náà ni ó jáde, ó sì lọ mú ọkùnrin tí kò ṣe nǹkan kan.

Níbí ni wàhálà àwọn olóòtú ìwé ìròyìn wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ ìtàn náà ní èdè méjèèjì, ẹni tí ó bá ka apá Yorùbá yóò ti mọ òtítọ́ ní ojú ìwé kejì, nígbà tí ẹni tí ó bá ka apá Faransé nìkan yóò máa bá ọlọ́pàá ṣìnà títí di orí kẹfà. Àwọn kan ní kò tọ́, pé ó yẹ kí òǹkàwé méjèèjì jọ wà nínú òkùnkùn kan náà. Wọ́n dábàá pé kí a yọ àmì ohùn kúrò, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe lórí fóònù, kí "oko" lè jẹ́ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko alágbàdo. A kọ̀. A kò lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì yẹn ṣe. Bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ pé ohun tí ó dára jù ni kí ọmọ tí ó gbọ́ Faransé nìkan rí i pé ìyá rẹ̀ ti mọ ẹni tí ó jalè, kí ó sì lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ fún òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń kọ apá Faransé kò tíì gbà, wọ́n ní a fẹ́ sọ àwọn òǹkàwé wọn di òmùgọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń ka ìwé tí ó ń sọ wọ́n di òmùgọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pe ìpàdé lé e lórí.

Omi pàápàá wọ inú ìtàn náà níkẹyìn. Olè gidi ní ẹ̀rí tí ó fi ń gbèjà ara rẹ̀: ó ní òun wà lórí adágún Togo ní ọ̀sán ọjọ́ tí a kó owó náà pamọ́, pé òun fi ọkọ̀ onígbòkun sọdá láti Agbodrafo, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Porto-Seguro, lọ sí Togoville, ìlú tí a ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Jámánì ní oṣù keje ọdún 1884, òun sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Méjì nínú wa wọ ọkọ̀ lọ sí Agbodrafo, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí adágún sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n bá apẹja kan tí ó ń ran ìgbòkun rẹ̀, àpò ìrẹsì tí a so pọ̀ ni. Wọ́n bi í léèrè iye wákàtí tí ènìyàn lè fi lọ kí ó sì bọ̀.

Ọkùnrin náà kò tíì dáhùn tí ó fi bi wọ́n pé afẹ́fẹ́ wo ni. Ó ní ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti òkun ni ó ń fẹ́, ó sì ń ti ọkọ̀ lọ sí Togoville bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ padà ní wákàtí yẹn yóò ká ìgbòkun rẹ̀, yóò sì fi ọ̀pá ti ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, nítorí adágún náà kò jìn. Ó wo ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ó ní ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ apẹja, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò ti bó ní ọjọ́ kejì.

Wọ́n padà dé Zanguéra ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ a ó kọ orí karùn-ún, níbi tí ìyá àgbà yóò ti ní kí ọkùnrin náà bá òun gbé omi gbígbóná kalẹ̀, kí ó lè rí ọwọ́ rẹ̀.